Ojú Ológbò Yèyé Wa

Bí oòrùn ọ̀sán bá mú ara ológbò dúdú dáadáa, ẹ ó rí i pé kò dúdú. Àwọ̀ kọfí ń bẹ níbẹ̀, àwọ̀ eérú ń bẹ lábẹ́ ọrùn rẹ̀, ibì kan sì wà lókè èjìká tí ó máa ń dà bí aṣọ aró tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sá. Ohun tí mo ń wò kiri nìyẹn ní ọdún tí mo jáde ilé-ìwé, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń wá iṣẹ́ láti ọ́fíìsì kan dé èkejì ní Adó. Àwọn ológun ló ń ṣe ìjọba, gbogbo ènìyàn ló ń sọ pé wọn ó gbé e sílẹ̀ láìpẹ́, àmọ́ èmi jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé wa, mo ń ti ológbò sínú oòrùn. Inú ológbò náà kì í dùn sí i. Bí mo bá gbé e síta, yóò dìde, yóò lọ dùbúlẹ̀ sí ibòji, èmi náà á tún lọ gbé e wá. Ìyá kan tí ó máa ń gba ibẹ̀ lọ sọ́jà tilẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi pé kó yáa wá tọ́jú mi, pé ó dà bíi pé ìwé ti fẹ́ yí mi lórí.

Yèyé wa ló ni ológbò náà. Ó gbà á lọ́wọ́ obìnrin kan lóko ní ọdún tí eku fẹ́ jẹ àgbàdo rẹ̀ tán lórí àjà, kò sì ka gbogbo ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ nípa ológbò dúdú sí. Ó ní eku ló ń bá òun jà, òun ò tíì rí àjẹ́ kankan tó jẹ àgbàdo òun. Bí ó bá jókòó tí ó ń bó ẹ̀gúsí, ológbò á gun itan rẹ̀, á ká ara jọ sórí ìró kíjìpá aláró tí ó máa ń ró sílé, á sì sùn lọ. Nígbà tí Yèyé kú, a kò ní fọ́tò rẹ̀ kankan. Ìgbà kan ṣoṣo tí ayafọ́tò wá sí agbo ilé wa, oko ló wà, nígbà tí wọ́n sì ní kí wọ́n dúró dè é, ó ránṣẹ́ pé kí wọ́n máa yà lọ, pé iṣu kì í dúró de fọ́tò. Ohun tí ó kù fún wa ni kíjìpá yẹn, àti ológbò tí kò gbà láti sùn sórí nǹkan mìíràn.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló tọ́ mi láti ìgbà náà, nítorí bàbá wa ti kú kí n tó mọ ojú rẹ̀ dáadáa. Irun ló ń kó fún àwọn obìnrin níwájú ilé. Òwú dúdú ló fi ń kó o, á we òwú náà mọ́ irun láti ìdí dé orí, títí irun á fi dúró gan-an, á wá so ó ní kókó lókè kókó, nítorí kò fẹ́ kí obìnrin kankan padà wá bá òun pé irun òun ti tú. Òwú yẹn ló rán mi lọ sílé-ìwé. Nígbà tí ó wá lọ́kọ, Ìyìn ló lọ, kò jìnnà sí Adó rárá, ṣùgbọ́n ilé wa dákẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ débi pé mo máa ń bá ológbò sọ̀rọ̀.

Lákòókò náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ iṣẹ́ abẹ́rẹ́ lọ́dọ̀ obìnrin kan tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Tíṣà. Kì í ṣe ọmọ Èkìtì. Iṣẹ́ olùkọ́ ló gbé ọkọ rẹ̀ wá sí Adó, wọ́n sì ń gbé lọ́nà Adébáyọ̀ nígbà tí ilé kò tíì pọ̀ tó báyìí níbẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin tó kù ń rán òdòdó sí ẹnu ìrọ̀rí àti sí aṣọ tí wọ́n fi ń bo ẹ̀yìn àga, ṣùgbọ́n lára ògiri pálọ̀ rẹ̀, ẹyẹ kan wà tí ó fi òwú ṣe, tí mo rò pé wọ́n kun ún ni, títí mo fi sún mọ́ ọn. Òyìnbó obìnrin àgbà kan ló kọ́ ọ nígbà tó wà lọ́mọge. Mo ní kó kọ́ èmi náà. Ó bi mí pé kí ni mo fẹ́ rán, mo ní ológbò. Ó ní kí n lọ wo ológbò náà dáadáa kí n tó fọwọ́ kan abẹ́rẹ́.

Iṣẹ́ náà kò yá rárá. Òwú tí ẹ rí yẹn, bí ẹ bá tú u, ẹ ó rí i pé òwú tín-ín-rín púpọ̀ ni wọ́n lọ́ pọ̀. Ẹyọ kan péré ni a ó fà yọ nínú wọn, òun la ó fi rán irun kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan gùn, ọ̀kan kúrú, tí ìlà tó tẹ̀ lé e á sì gba àárín ti ìṣáájú wọlé kí ojú má baà rí ibi tí wọ́n ti pàdé. Ibi tí irun bá kọ sí lára ẹran náà ni abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ kọ sí. Bí irun iwájú orí bá lọ sókè tí ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, tí èèyàn bá ṣì í rán, bí ìgbálẹ̀ ni ẹran náà á rí, kò ní dà bí ẹran. Ìyá Tíṣà ní ojú ni kí n kọ́kọ́ ṣe, torí bí ojú kò bá dáa, ìyókù wàhálà lásán ni. Mo tú ojú yẹn, mo tún un rán, mo tún tú u. Mo lo àwọ̀ ewé, mo lo àwọ̀ ọsàn tí kò tíì pọ́n tán, mo fi ìlà dúdú sí àárín. Nígbà tó yá, Ìyá Tíṣà mú òwú funfun, ó ní kí n ta á lẹ́ẹ̀kan péré sí apá òkè ojú kọ̀ọ̀kan. Mo ta á. Ológbò náà sì wò mí.

Mo yọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Ó ṣe mí bíi pé èmi ni mo dá a.

Nígbà tí ara ológbò náà parí, mo gé etí kíjìpá Yèyé, mo rán an mọ́ ìsàlẹ̀ àwòrán náà, kí ológbò lè dùbúlẹ̀ lórí aṣọ tí ó mọ̀. Káfíńtà kan lọ́jà bá mi fi gíláàsì sí iwájú rẹ̀, ó fi pátákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ dí ẹ̀yìn, ó sì kan án pa. Mo gbé e lọ sí Ìyìn lórí ẹsẹ̀ mi nínú mọ́tò, n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi gbé e. Ẹ̀gbọ́n mi sún mọ́ ọn nígbà tó rí i. Ó fi ìka lé gíláàsì níbi tí kíjìpá wà, ó fi í síbẹ̀ títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó wá ní, “Yèyé dé ulé mi.” Ojú ẹsẹ̀ ni ọkọ rẹ̀ wá ìṣó, ó gbé e kọ́ sí pálọ̀.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, n kò lè bínú sí ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀ mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo bínú púpọ̀ nígbà náà. Oyún méjì ti bà jẹ́ lára ẹ̀gbọ́n mi. Ìyá ọkọ rẹ̀ ń gbé pẹ̀lú wọn, ìjọ aláṣọ funfun ló ń lọ, obìnrin jẹ́jẹ́ ni, òun ló máa ń jí pọn omi kí ẹ̀gbọ́n mi má baà gbé nǹkan tó wúwo. Kò fẹ́ràn ológbò náà láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ó ní, “Ubi yòówù kí n yí sí nínú ulé yìí, ojú rẹ̀ ń bá mi lọ.” Ó wá fi aṣọ bò ó bí ó bá fẹ́ gbàdúrà. Nígbà tó yá, ẹnì kan nínú ìjọ wọn ríran pé ojú ẹranko kan ń ṣọ́ ilé náà. Wọ́n ní àwọn yóò wá gbàdúrà níbẹ̀ lọ́jọ́ ìsinmi, kí wọ́n ti mú ohun náà kúrò, kí wọ́n sì sun ún.

Ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀ fún ìyá ọkọ rẹ̀. Kò bẹ̀ ẹ́ nítorí ológbò, aṣọ ìyá rẹ̀ ló bẹ̀ ẹ́ fún, torí kò sí nǹkan Yèyé mìíràn nínú ilé náà. Ìyá náà ro ó títí, ó wá ní òun ò ní nǹkan bá aṣọ ṣe, òun ò sì ní nǹkan bá ológbò ṣe bí ó bá ń sùn. Ojú tó là sílẹ̀ yẹn ni òun kò fẹ́. Bí ojú náà bá ti padé kí àwọn aládùúrà tó dé, òun á dúró níwájú wọn, òun á sì ní kí wọ́n má sun ún.

Bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe wọ mọ́tò wá sí Adó nìyẹn, ní ọjọ́ bíi mélòó kan ṣáájú ọjọ́ ìsinmi náà. Mo ṣì rántí bí ó ti jókòó sétí àga, bí àlejò, nínú ilé tí òun fúnra rẹ̀ ti tọ́ mi dàgbà. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún mi, kò fi ọ̀kan pa mọ́. Ó ní, “Bá mi pa ojú rẹ̀ dé. Ìwọ lo mọ uṣẹ́ náà.”

Mo ní, “Ológbò tó wà láàyè ni mo rán. N kò rán òkú.”

“Oorun ni mo ní kó sùn, mi ò ní kó kú. Ṣé kì í sùn lórí itan Yèyé ni?”

“Tí ojú rẹ̀ bá ń bà wọ́n lẹ́rù, kí wọ́n gbé e padà fún mi.”

“Mo fẹ́ kó wà lọ́dọ̀ mi,” ni ó wí, ohùn rẹ̀ kò sì lọ sókè. “Ìwọ wà nínú ulé tí Yèyé kú sí. Ẹní rẹ̀ lò ń sùn lé. Èmi ni mi ò ní nǹkan kan.”

Ọ̀rọ̀ wọn ló ń dùn mí, pé wọ́n pe iṣẹ́ tí mo fi bí oṣù mẹ́fà ṣe ní ohun ibi, pé òun náà sì gbé ọ̀rọ̀ náà wá bá mi. Èmi ọmọ ilé-ìwé, tí mo gbà pé mo lajú ju gbogbo ìjọ wọn lọ, kò wá sí mi lọ́kàn láti bi í léèrè bí ara rẹ̀ ṣe rí. Ó jókòó díẹ̀ sí i, ó wá wo orí mi, ó ní irun mi ti wú, kí n wá jókòó sílẹ̀. Mo jókòó sáàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ bí mo ti máa ń ṣe láti kékeré, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi òwú dúdú kó irun mi. Nígbà tí ó parí, ó so ó ní kókó lókè kókó, ó gbọn irun àti àjákù òwú kúrò lára ìró rẹ̀, ó ní, “Má jẹ́ kí ebi pa ọ́ o,” ó sì lọ wọ mọ́tò.

Irun yẹn ni Ìyá Tíṣà rí lórí mi lọ́jọ́ kejì tó fi bi mí ta ló kó o. Mo rò ó fún un bí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ, mo sì retí kó bá mi bínú. Ó ń wá nǹkan nínú agolo òwú rẹ̀ bí mo ti ń sọ̀rọ̀. Ó ní, “Ojú tó padé kò ṣòro láti rán. Ìpéǹpéjú lásán ni. Èwo ló wá le níbẹ̀?” Ó fún mi ní òwú aláwọ̀ kọfí àti aláwọ̀ eérú, ó fi hàn mí lára àgékù aṣọ bí màá ṣe rọra tẹ irun ìpéǹpéjú sílẹ̀ tí oorun ológbò náà yóò fi jọ oorun gidi. Mo dì wọ́n sínú áńkáṣíìfù pẹ̀lú abẹ́rẹ́. Inú mi ti rọ̀, ṣùgbọ́n mo ní n kò ní í sáré lọ, kí ẹ̀gbọ́n mi náà kọ́kọ́ mọ̀ pé mo ń bínú. Ọjọ́ Sátidé, lẹ́yìn tí oòrùn ti kan àtàrí, ni mo tó ra búrẹ́dì, tí mo kó sí mọ́tò Ìyìn.

Nígbà tí mo dé pálọ̀ wọn, mo rí i kí n tó jókòó. Ibi tí ojú ológbò náà wà tẹ́lẹ̀, kìkì òwú dúdú ló wà níbẹ̀, ó ki, ó wú, ọ̀kan tóbi ju èkejì lọ. Òwú irun ni. Kò sí àwọ̀ kọfí nínú rẹ̀, kò sí àwọ̀ aró, kò tẹ̀ lé ibi tí irun kọ sí rárá, àfi bí ìgbà tí ènìyàn lẹ aṣọ mọ́ ihò àpò gààrí. Ẹ̀gbọ́n mi jáde láti ẹ̀yìnkùlé, ó bá mi níbi tí mo ti ń wò ó. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára ìró.

“Èmi ni mo ṣe é, láàárọ̀ yìí,” ó ní. “Ọkọ mi ló bá mi tú pátákó ẹ̀yìn rẹ̀, tó tún kàn án padà. Mo rò pé o ò níí wá. Mo mọ̀ pé kò dáa. Má bínú.”

Áńkáṣíìfù náà wà nínú báàgì mi, lábẹ́ búrẹ́dì. Mo mú búrẹ́dì jáde, mo fún un. Mo ní, “Kò burú.” Mo pa báàgì náà dé. Ó gúnyán fún mi, mo jẹ ẹ́, ìyá ọkọ rẹ̀ sì fi ẹran tirẹ̀ kún ọbẹ̀ mi, ó dúpẹ́ púpọ̀ pé mo jẹ́ kí ológbò náà sùn. Ẹ̀gbọ́n mi wò mí, kò sọ fún un pé kì í ṣe èmi. Mo padà sí Adó nírọ̀lẹ́ pẹ̀lú òwú Ìyá Tíṣà nínú báàgì.

Àwọn aládùúrà wá lọ́jọ́ kejì, wọ́n gbàdúrà, wọ́n bá ológbò tó sùn lára ògiri, wọn kò sì fọwọ́ kàn án. Ẹ̀gbọ́n mi bí ọmọbìnrin kan ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ìyá ọkọ rẹ̀ gbà títí ó fi kú pé ojú tó padé yẹn ló fà á. N kò bá a jiyàn, nítorí èmi náà gbé ọmọ náà, mo sì dúpẹ́.

Ológbò gidi ti jáde lọ nílé wa kí ọmọ náà tó dé, kò padà wá. Ní tèmi, mo ríṣẹ́ ọ́fíìsì, mo lọ́kọ, mo sì pa abẹ́rẹ́ tì. Mo máa ń sọ pé àyè ni kò sí. Bí mo bá sì dé Ìyìn tí àlejò kan bá wà ní pálọ̀, ẹ̀gbọ́n mi á nawọ́ sí ògiri, á ní, “Àbúrò mi ló ṣe ológbò yìí, ẹ wo irun rẹ̀. Ojú yẹn nìkan ni mo bà jẹ́.” Á rẹ́rìn-ín, àwọn àlejò náà á rẹ́rìn-ín, èmi náà á bá wọn rín. Gbogbo ìgbà yẹn ni mo láyè láti sọ pé mo mú òwú wá ní Sátidé náà. Mo kọ́kọ́ ń tijú, pé á bi mí ìdí tí n kò fi mú un jáde. Nígbà tó yá, mo rò pé ọ̀rọ̀ náà ti gbó, pé ta ló tún ń rántí. Báyìí ni ọdún fi ń gorí ọdún, ó sì gbà pé mo kọ ẹ̀bẹ̀ òun, ó fi orí jì mí lórí ohun tí n kò ṣe tán.

Ẹ̀gbọ́n mi kú ní àkókò òjò tó kọjá. Ọmọ rẹ̀, tí òun náà ti di ìyá ọmọ báyìí, gbé àwòrán náà wá bá mi ní Adó. Gíláàsì rẹ̀ ti sán. Ó ní, “Àǹtí, Màmá ní kí n gbé e fún yín. Wọ́n ní kí ẹ bá àwọn tún ojú rẹ̀ ṣe, ìgbàkígbà tí àyè bá yọ yín.”

A fi ọ̀bẹ tú pátákó ẹ̀yìn rẹ̀. N kò rí ẹ̀yìn iṣẹ́ yẹn mọ́ láti ọjọ́ tí káfíńtà ti kàn án pa, nítorí náà mo retí pé òwú dúdú náà ni màá bá níbẹ̀. Àwọ̀ ọsàn tí kò tíì pọ́n tán ni mo bá, pẹ̀lú àwọ̀ ewé, bí mo ti rán wọn. Láti ìgbà náà ni mo ti rò pé ó tú ojú náà kúrò kó tó fi tirẹ̀ síbẹ̀. Kò tú u. Etí ojú náà nìkan ni abẹ́rẹ́ rẹ̀ gbà wọlé, yípo yípo, ó wá na òwú náà kọjá lórí ojú náà láti etí kan dé èkejì, ó lọ, ó bọ̀, láìfi abẹ́rẹ́ gún ojú náà níbì kankan. Ó so ó ní kókó lókè kókó sẹ́yìn, níbi tí sísọ́ọ̀sì ti lè tètè rí i. Obìnrin tí kò kọ́ iṣẹ́ abẹ́rẹ́ rí ló ṣe bẹ́ẹ̀, láàárọ̀ ọjọ́ tí ó rò pé n kò ní í wá, kí n lè bá ojú tí mo rán níbẹ̀ bí mo bá wá lọ́jọ́ mìíràn. Ìyá ọkọ rẹ̀ ti kú tipẹ́. Kò sí ẹni tí ì bá dí mi lọ́wọ́. Ọjọ́ èyíkéyìí ni ǹ bá ti gbé e sọ̀kalẹ̀ lára ògiri, kí n sì la ojú náà.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti mú sísọ́ọ̀sì dání. Ó ní, “Ṣé kí n gé kókó yẹn?”

Ìgbà náà ni mo sọ ọ́, fún ìgbà àkọ́kọ́. Mo sọ nípa áńkáṣíìfù náà, àti òwú aláwọ̀ kọfí àti aláwọ̀ eérú, àti búrẹ́dì tí mo gbé lé e lórí. Ó gbọ́ mi títí mo fi parí. Ó wo ẹ̀yìn àwòrán náà, ó wo iwájú rẹ̀.

“Ẹ̀ bá ti sọ fún wọn, Àǹtí,” ni gbogbo ohun tí ó wí.

Mo ní kí ó dá sísọ́ọ̀sì náà padà, pé iṣẹ́ ọwọ́ màmá rẹ̀ nìyẹn. A fi gíláàsì tuntun sí i, ó sì wà ní yàrá mi báyìí, níbi tí mo ti lè rí i lórí ibùsùn. Bí oòrùn ọ̀sán bá gba ojú fèrèsé wọlé, tí ó bá ara ológbò náà, ibì kan á di kọfí, ibì kan á di eérú, èjìká rẹ̀ á di aró. Òwú ẹ̀gbọ́n mi nìkan ni kì í yí padà. Ó dúdú síbẹ̀.